Ohùn Zinsu Tí Kò Sí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ilé Sagbo, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
Gberefu, òdìkejì ọ̀sà Badagry.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1995.

Sewanu ọmọ mi,

Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wa ọkọ̀ gbé sọdá ọ̀sà lọ sí iléèwé, mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọ̀gá rẹ le, àti ti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fídíò ní Súrùlérè níbẹ̀ yẹn? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, ọyẹ́ ọdún yìí kò pa wá, ètè wa nìkan ló ń là, ìyá rẹ sì ń fi òróró àgbọn pa á fún wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Olúwa tó ń ṣọ́ ilé yìí láàárín ọ̀sà àti òkun, tí kò jẹ́ kí omi ọ̀tún wá kí omi òsì nínú yàrá wa, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó tí o wà. O kò ní pàdé sójà tí inú ń bí. Wáyà iná tí o ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní mọ̀ pé ìwọ ni. Àmín.

Tabitha elẹ́ja yíyan fi lẹ́tà rẹ àti kásẹ́ẹ̀tì ńlá tí o fi rán an lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́rú tó kọjá. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ ti dé sára àwòrán náà, ṣùgbọ́n ohùn kò dé, pé ọ̀gá rẹ ti fi ẹ̀rọ mẹ́ta wá ohùn náà tì, pé kí n jókòó kí n kọ gbogbo ohun tí ojú kásẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn rí láti ọjọ́ tó ti dé ọwọ́ mi, kí n má fo ọ̀kan, kódà bó bá ń tì mí lójú, kí òun lè mọ ibi tí ohùn ti bọ́ sọnù. O tún ní ó ń béèrè ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì náà fi ń rùn bí ọtí. Èmi yóò ṣàlàyé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, n kò ní purọ́ fún ẹni tí ọmọ mi ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, nítorí mo ti rí ohùn náà, ìsàlẹ̀ ni mo sì máa kọ ibi tó wà sí.

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni, ìgbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí omijé adìẹ, tí gbogbo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó wà ní èbúté wa kàn sùn sílẹ̀ tí ewúrẹ́ ń gun orí wọn. Mo wà ní etí òkun, mò ń ṣa àgbọn tó já, ni mo rí Tabitha tó ń ti èbúté ọ̀sà bọ̀ nínú iyanrìn. Ó ní ọkọ̀ apẹja kan ti Gàbọ́ọ̀nù dé sí Kútọnu, ọkùnrin Ègùn kan nínú ọkọ̀ náà sì fún òun ní nǹkan pé kí òun fún Sagbo ti Gberefu. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ nǹkan dúdú kan tí kò ju páálí sìgá lọ. Mo ní kí nìyí? Ó ní fídíò ni. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí fídíò tí mo mọ̀ ní Badagry tó Bíbélì. Ó ní ẹni tó fi rán òun sọ pé Zinsu wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín mi bá dá.

Ìwọ kò mọ Zinsu, orúkọ rẹ̀ lásán lo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ. Ìkejì mi ni. Inú kan, ọjọ́ kan. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọ̀n ńlá kan ló fi sílẹ̀ fún wa, irú èyí tí ogún ènìyàn ń fà láti etí òkun. Zinsu ní kí a gbé e lọ sí Gàbọ́ọ̀nù níbi tí ẹja pọ̀ sí. Èmi ní ẹja Gberefu ló tọ́ wa dàgbà, kí ló tún kù? A fà á títí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́dún 1964, mo dé etí òkun, mo bá àwọ̀n ní gígé sí méjì. Ó gbé ìdajì lọ, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún mi, ó gé e gún bí ẹni gé búrẹ́dì. Ìdajì àwọ̀n kì í pa ẹja, ọmọ mi. Ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. N kò kọ lẹ́tà sí i, òun náà kò kọ. Àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ máa ń sọ pé ó ní òun ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa, òun lẹ̀gbọ́n, èmi ni kí n kọ́kọ́ kí òun. Èmi náà ní ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó kẹ́yìn ló rán èkejì rẹ̀ ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò? Èmi lẹ̀gbọ́n. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n méjì ṣe dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún nítorí pé kò sí àbúrò láàárín wọn.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sọdá lọ bá Adégbóyèga, ẹni tó ń gba iná sí bátìrì mọ́tò tó sì ń fi fídíò han àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ó tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kásẹ́ẹ̀tì bá já sí ìsàlẹ̀ bí ẹni já sí kànga, ìdí ṣíbí ọbẹ̀ la fi wà á jáde. Kí ọ̀gá rẹ kọ ìyẹn sílẹ̀: ṣíbí. Ìgbà náà ni mo kọ lẹ́tà sí ọ, tí ìwọ fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan ránṣẹ́, tí o ní kí a fi kékeré sínú rẹ̀, pé ẹ̀rọ yóò rò pé ńlá ni. Ìyá rẹ gbé e lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní háà, ìyá alágbàtọ́ ni wọ́n wá fún un. Orúkọ tí a ń pè é títí di òní nìyẹn.

O ní ìyá alágbàtọ́ yìí ń fẹ́ bátìrì kékeré kan nínú kó tó lè ṣiṣẹ́. Kò sí bátìrì nílé àfi ti rédíò, ti rédíò sì tóbi jù fún un. Mo rò ó wò pé ẹja tí a bá sá sí oòrùn máa ń súnkì, mo bá sá bátìrì náà sórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sá ìyá alágbàtọ́ náà tì í kí wọ́n lè mọ ara wọn. Bátìrì kò súnkì. Iyanrìn díẹ̀ wọ inú ìyá alágbàtọ́, mo fẹ́ ẹ dànù, bóyá ó kù díẹ̀. Kí ọ̀gá rẹ kọ ìyẹn náà. Nígbẹ̀yìn Adégbóyèga yọ bátìrì kékeré inú aago ògiri rẹ̀ fún wa, láti ọjọ́ yẹn ni aago mẹ́wàá àárọ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní ọjọ́ tí a máa wò ó, mo wọ aṣọ ìkórè mi, ìyá rẹ fi lọ́fínńdà sọ́rùn. Adégbóyèga tan ẹ̀rọ. Ìlà funfun kọ́kọ́ ń sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan jókòó láàárín àwọn ìlà náà, ó wò mí. Ọmọ mi, ojú ara mi ni mo rí. Ó ti darúgbó bí mo ṣe darúgbó, irun rẹ̀ ti sá kúrò níwájú orí níbi tí tèmi ti sá kúrò. Ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀. Ó rí bí eérú, aṣọ rẹ̀ eérú, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ eérú, bí ẹni tí ọyẹ́ gbé jókòó. Ó la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣí fìlà, mo kí i ní Ègùn. Kò dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Adégbóyèga yí ohùn sókè dé òpin, ariwo ṣáá ló jáde bí ìgbà tí òkun bá ń fà sẹ́yìn. Mo tún kí i. Ìyá rẹ ní kí n wò ó dáadáa, pé ara ọkùnrin yìí kò yá, ènìyàn kì í rí báyìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ṣùgbọ́n èmi, ìbínú ló gbé mi. Mo ní Zinsu, ṣé láti Gàbọ́ọ̀nù lo ti wá láti wá yàn mí lódì lójú mi? Mo kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ ní kò tíì tán o, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó máa bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbádùn. O mọ bí etí òkun wa ṣe máa ń rí lọ́sàn-án, tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, tí òwúsúwusù iyọ̀ bá bo gbogbo rẹ̀, tí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè kò ní ẹsẹ̀, tó kàn ń léfòó bọ̀. Mo máa ń sinmi lábẹ́ igi àgbọn, ojú mi á wúwo, n ó rí Zinsu tó ń rìn bọ̀ létí omi pẹ̀lú àwọn ìlà funfun yẹn lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti la ẹnu ni ìgbì òkun máa ń ṣubú, ìgbà tí ìgbì bá fà sẹ́yìn, òun náà á ti pa ẹnu dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí n ó fi jí, iyanrìn á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó dé ibi tí mo ń sọ fún òkun pé kó dákẹ́ ná. Ìyá rẹ gbọ́ mi, ó bi mí pé ta lò ń bá wí, mo ní ajá ni.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ kejì dé pẹ̀lú gbogbo ìtọ́ni. O ní nítorí àwọn ìlà funfun, kí a fi òwú àti sípíríìtì fọ orí rẹ̀. Ọmọ mi, o kò kọ orí ta ni. Mo jókòó ti lẹ́tà yẹn títí. Mo kọ́kọ́ fọ tèmi, nítorí mo gbà pé bí ènìyàn bá fẹ́ ríran dáadáa ó yẹ kí orí rẹ̀ mọ́. Èyí kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà sétí Adégbóyèga, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀rọ náà ní orí, irin róbótó kan tó ń yí nínú rẹ̀, òun sì kọ́ láti fọ ọ́ ní ìlú Apá lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́. Sípíríìtì kò sí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kankan, nǹkan kò sí níbikíbi ní àkókò yẹn, ìwọ náà mọ̀. Sódàbì ló wà nílé, èyí tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ gbé wá láti ẹnu ibodè, ọtí tó jẹ́ pé bí èéfín iná bá kàn án yóò gbiná. A fi òwú bọ inú rẹ̀, a fọ orí ẹ̀rọ. Kí kásẹ́ẹ̀tì má bàa jowú, mo nu òun náà níta níta, ó sì lè jẹ́ pé ó dé inú díẹ̀. Òórùn tí ọ̀gá rẹ ń gbọ́ nìyẹn. Àwọn ìlà lọ o! Zinsu mọ́ kedere lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ eérú, ó ṣì yadi.

O tún kọ ọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ká nílẹ̀ àwọn Faransé àti ẹ̀rọ tiwa, èdè wọn kò bára mu. Mo fọwọ́ lu tábìlì. Mo ní kí ló dé tí o kò tètè sọ ọ́? Zinsu ti gbé ọgbọ̀n ọdún láàárín Faransé, ó ti gbàgbé Ègùn, Faransé ló ń sọ, ẹ̀rọ Adégbóyèga tó jẹ́ ọmọ Yorùbá kò gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbé ohùn jáde. Mo gbé àgbọn lọ fún Tíṣà Ọládàpọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní iléèwé girama, mo ní kó wá ṣe ògbufọ̀ fún mi. Ó wọ táì wá. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Zinsu jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀. Tíṣà wò ó títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní Tíṣà, ẹ bá a sọ Faransé díẹ̀ kó lè mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ èdè ti dé. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ni, ó dìde, ó tẹ orí ba fún tẹlifíṣọ̀n, ó ní bọ́ńzúù mùsíọ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni Zinsu rẹ́rìn-ín nínú fídíò. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Mo ní ẹ tún un sọ, ó tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Zinsu kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Tíṣà ló wá là mí lóye. Ó ní kì í ṣe èdè ẹnu lo ń wí, ó ní bí àwọn Faransé ṣe ń kun àwòrán yàtọ̀ sí bí tiwa ṣe ń kùn ún, pé Zinsu ní àwọ̀ tirẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀rọ wa ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára ju bí o ṣe lè rò lọ. Mo sáré lọ sọ fún ìyá rẹ pé Zinsu kò ṣàìsàn, ojú wa ló kúrú. Ọjọ́ náà ni mo gbà láti fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí mo ti ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí o sọ pé iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa gé fídíò kí ẹ sì máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má lọ fi àlùmọ́gàjí gé ọrùn ọmọ ìyá mi. Tabitha rì í sínú agbọ̀n ẹja yíyan kí àwọn sójà ojú ọ̀nà má bàa gbà á. Bó bá ń rùn bí ẹja pẹ̀lú, ibẹ̀ ló ti wá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ìparí oṣù kọkànlá ló kúrò lọ́wọ́ mi. Èyí tó kù, ìwọ náà kò tíì gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ọyẹ́ bolẹ̀ débi pé òkun kò ṣeé rí, ariwo rẹ̀ nìkan ló wà. Mo jókòó létí omi, mò ń bọ́ èèpo àgbọn. Mo gbójú sókè, mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ nínú ọyẹ́, kò ní ẹsẹ̀, ó ń léfòó. Bí mo ṣe máa ń rìn ló ń rìn, èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ bíi tèmi. N kò dìde. Mo ní ó ti tún dé, n ó jí láìpẹ́. Ó ń súnmọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ara rẹ̀ dúdú ó ń dán, àpò pupa kan wà léjìká rẹ̀. Ó dúró níwájú mi. Ó la ẹnu. Sewanu, ẹ̀rù bà mí, mo gbọ́ tí ìgbì òkun ń gbéra sókè, mo ní ó ti parí, n kò ní gbọ́ ọ lónìí náà. Ìgbì ṣubú, ó fà sẹ́yìn, ó kù wẹ́lẹ́ lórí iyanrìn, òun sì ṣì dúró, kò pa ẹnu dé. Ó ní, Sagbo, ṣé o kò ní dìde sí mi ni?

Ohùn bàbá wa ni. Mo ti gbàgbé pé ohùn bàbá wa lè wà lẹ́nu ẹnì kankan láyé. Mo dìde, àgbọn yí lọ sínú omi. Ta ló kọ́kọ́ kí èkejì? Ìyá rẹ bi mí, n kò lè sọ. A jọ sọ ọ́ pọ̀, a tún dákẹ́ kí èkejì lè sọ tirẹ̀, a tún jọ sọ ọ́ pọ̀. Ó gbọ́ Ègùn dáadáa o, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tó jẹun tán, mo bi í pé kí ló gbé e wá láìkọ lẹ́tà. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ṣé n kò rí kásẹ́ẹ̀tì gbà ni? Mo ní mo rí i. Ó ní ṣebí òun sọ ọ́ níbẹ̀, pé òun fẹ́ wálé, pé bí n kò bá fẹ́ òun, kí n fi ọ̀rọ̀ rán ọkọ̀ apẹja ṣáájú Kérésìmesì, òun yóò gbà bẹ́ẹ̀, òun kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan, òun yóò mọ̀ pé mo ti gbà, òun yóò sì di ẹrù òun. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa dé ni òun máa ń lọ pàdé, òun á béèrè pé Sagbo kò rán nǹkan, wọ́n á ní rárá, inú òun á dùn. Nígbà tí Kérésìmesì kọjá, ó ta bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Mo jáde lọ bí ẹni fẹ́ wo ewúrẹ́. Ọmọ mi, ìwọ nìkan ni mo máa sọ èyí fún, àti ọ̀gá rẹ nítorí ó ní kí n má fo ọ̀kan. Mo mọ ara mi. Bí ohùn yẹn bá jáde ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí mo wọ aṣọ ìkórè, tí ọgbọ̀n ọdún kún inú mi, n bá ti rán Tabitha padà sí Kútọnu lọ́jọ́ kejì pé kó jókòó síbi tó wà. N bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà dáadáa pẹ̀lú, o mọ̀ pé mo mọ̀wé kọ. Zinsu ì bá dúró sí Gàbọ́ọ̀nù, èmi ì bá sì máa pe ara mi ní ẹni tó borí.

Mo bi í nípa ohùn, fún ti ọ̀gá rẹ. Ó ní aládùúgbò òun kan tó ti Faransé dé ló ni kámẹ́rà náà, pé ó fún òun ní irin kan mú lọ́wọ́ kí òun máa sọ̀rọ̀ sí i. Iná pupa kékeré kan ń tàn lára irin náà. Òun rò pé bátìrì ọmọlọ́mọ ló ń jẹ dànù, òun bá pa á, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá rẹ má ṣe wá a mọ́. Kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe iyanrìn, kì í ṣe sódàbì. Ohùn náà kò wọ kásẹ́ẹ̀tì rí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló wà ní gbogbo ìgbà yìí.

Ní Sátidé tó kọjá, a gbé kásẹ́ẹ̀tì ńlá tí o ṣe lọ sí ọ̀dọ̀ Adégbóyèga, èmi àti Zinsu, àwa méjì péré pẹ̀lú Adégbóyèga. Àwọ̀ rẹ̀ pé, o ṣeun, ọwọ́ rẹ kò ní rọ: ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù ni, òdòdó wà nínú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a kò rí rí. Zinsu jókòó tì mí, ó ń wo ara rẹ̀. Mo ní kó sọ ohun tó ń sọ fún mi. Ó ń wo ẹnu tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń tẹ̀ lé e. Ó ní níbí ni mo ti kí ọ. Níbí ni mo ti béèrè ìyàwó rẹ. Níbí, ẹ̀rín mú mi nítorí adìẹ kan gba ẹsẹ̀ mi kọjá. Adégbóyèga rẹ́rìn-ín, ó ní á, Tíṣà ò ní gbọ́ eléyìí o. Lẹ́yìn náà Zinsu ní, níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀ àwọ̀n bàbá wa. Mo ń sọ fún ọ pé mo mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ọdún kan tí n kò rò ó. Mo ní kí o má ṣàánú mi, ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kí n sùn sí ilẹ̀ wa nígbà tó bá yá. Mo bẹ̀ ọ́, Sagbo. Mo gbójú wo tẹlifíṣọ̀n, ẹnu Zinsu tó wà níbẹ̀ ti pa dé tipẹ́, ó kàn jókòó síbẹ̀ ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó ti sọ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n èyí tó jókòó tì mí kò dákẹ́, ó ṣì ń bẹ̀ mí. Ojú tẹlifíṣọ̀n di funfun, kásẹ́ẹ̀tì tán, Adégbóyèga jáde síta, ó ṣì ń bẹ̀ mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ó tó, mo ti gbọ́.

Ọmọ mi, lẹ́yìn gbogbo èyí, mo fẹ́ kí o fi ohun díẹ̀ ránṣẹ́ tí oṣù bá parí, nítorí bàbá rẹ tó dé yìí kò ní bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní kan náà ni èmi àti òun jọ ń sùn, ó sì máa ń fi ìgúnpá gbá mi. Fi ti kẹrosíìnì sí i, àti ti oògùn ojú fún ìyá rẹ. Bí kò bá sí, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú, a mọ bí ayé ṣe le ní àkókò ìjọba yìí, bí ìwọ nìkan bá wá, ó tó wa. Kí o sì gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o wá ní Ọjọ́ Àjíǹde, Zinsu fẹ́ rí ọ, ó ń béèrè pé ṣé o ga.

Ọ̀nà rẹ yóò dán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa fi àwọ̀ sí ohun tó ti ṣá fún àwọn ènìyàn. Ẹni tí o bá ń fẹ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀ kò ní jìnnà sí ọ, bó bá sì jìnnà, ọkọ̀ tí yóò gbé e bọ̀ kò ní rì. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, àti ọkàn tí ìbínú kì í pẹ́ nínú rẹ̀, èyí tí èmi bàbá rẹ kò ní nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ìyá rẹ kí ọ. Àwọn méjèèjì ti bọ́ sí etí omi báyìí, mò ń gbọ́ tí Zinsu ń fi orin ìsìn ṣe ẹ̀fẹ̀ tí ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, n ó lọ bá wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Barnabas Sagbo.